Ìtọ́sọ́nà lórí estrogen fún ọkùnrin tí ó ń gba ìtọ́jú testosterone

Ọkùnrin tí dókítà bá fi sórí ìtọ́jú testosterone, họ́mọ̀nù ọkùnrin, kì í pẹ́ kí ẹnì kan tó wá bá a sọ̀rọ̀ estrogen. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ tí ó ń gbé ní Àbújá, ó lè jẹ́ fídíò kan lórí fóònù, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó ń ta oògùn lẹ́bàá gáréèjì ní Kàbà. Wọn yóò ní abẹ́rẹ́ náà ti ń di họ́mọ̀nù obìnrin lára rẹ̀, kí ó yára wá oògùn tí yóò pa á. Òótọ́ wà nínú apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ náà. Apá kejì ni ó ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fi oògùn náà sí ìgbésẹ̀ tí ó kẹ́yìn nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Àwọn tí mo kọ ọ́ fún ni àwọn ọkùnrin tí dókítà ti yẹ̀ wò, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn pé testosterone wọn kò tó, tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tàbí tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, yálà Yàgbà ni wọ́n ń gbé tàbí Ìjùmú, Bùnú tàbí Òwòrò, nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí. Kò sí ohun kan níbí tí ó lè rọ́pò dókítà. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ẹ mọ ohun tí ẹ ó bi í, kí ohun tí ó bá sì sọ yé yín.

Iṣẹ́ tí estrogen ń ṣe lára ọkùnrin

Bí testosterone bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó máa ń dúró bẹ́ẹ̀. Èròjà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aromatase. Inú ọ̀rá ara ni ó pọ̀ sí jù, ṣùgbọ́n ó wà nínú ọpọlọ, egungun, ẹ̀dọ̀ àti kóró ẹpọ̀n pẹ̀lú. Òun ni ó ń mú díẹ̀ nínú testosterone, tí ó ń sọ ọ́ di estradiol, èyí tí ó lágbára jù lọ nínú àwọn họ́mọ̀nù tí à ń pè ní estrogen. Ohun tí ó ń yí padà bẹ́ẹ̀ lójúmọ́ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ estradiol kò nílò púpọ̀ kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn. Nínú estradiol tí ó wà lára ọkùnrin, bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni ó ń wá láti inú ọ̀rá àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn, ìyókù ni ó ń ti inú kóró ẹpọ̀n jáde tààrà.

Estradiol kì í ṣe ìdọ̀tí tí testosterone ń fi sílẹ̀. Ní 1994, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ọmọ ọdún 28 kan jáde, ẹni tí a bí pẹ̀lú àbùkù tí kò jẹ́ kí estrogen lè ṣiṣẹ́ kankan lára rẹ̀. Testosterone rẹ̀ pé, síbẹ̀ ó ti ga tó 204 sẹ̀ǹtímítà, ó ṣì ń ga sí i nítorí pé egungun rẹ̀ kò tíì parí dídàgbà, egungun náà kò sì lágbára. Ní 2013, ìwé ìròyìn kan náà tún gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ti dá họ́mọ̀nù àwọn ọkùnrin tí ara wọn le dúró, tí wọ́n wá fún wọn ní testosterone ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, tí wọ́n sì fún apá kan nínú wọn ní oògùn tí kò jẹ́ kí testosterone di estrogen. Àwọn tí kò ní estrogen ni ọ̀rá ń dì sí lára, ìfẹ́ ìbálòpọ̀ wọn sì tún dín kù, bẹ́ẹ̀ testosterone ń wọ ara wọn.

Ẹni tí ó bá ti mọ èyí kò ní fẹ́ pa estrogen rẹ̀ run. Ohun tí a ń wá ni kí ó má pọ̀ débi tí yóò fi mú ọmú wú tàbí kí ó mú omi dúró sí ara, kí ó má sì kéré débi tí egungun àti ìbálòpọ̀ yóò fi jìyà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ rí i dájú pé ìtọ́jú náà tọ́ sí yín

Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ họ́mọ̀nù ní Amẹ́ríkà, Endocrine Society, gbé jáde ní 2018 ni pé kí ènìyàn ní àmì àìsàn náà lára, kí testosterone rẹ̀ sì kéré nínú àyẹ̀wò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n ṣe ní àárọ̀, kí ó tó jẹun. Ààlà ìsàlẹ̀ tí wọ́n lò ni 264 ng/dL. Àwọn dókítà ọ̀nà ìtọ̀ ní Amẹ́ríkà ń lo 300. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó ń ta oògùn ni ó gún yín ní abẹ́rẹ́ nítorí ẹ sọ pé ó ń rẹ̀ yín, ibẹ̀ ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, kì í ṣe lórí estrogen.

Kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé, ó yẹ kí dókítà mọ̀ bí ẹ bá ti ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, bí ẹ bá ń han-unrun gidigidi lóru, bí ìtọ̀ kò bá dán mọ́rán, bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì nínú iṣan yín rí, tàbí bí ẹ bá jẹ́ SS, nítorí pé testosterone lè fa kí nǹkan ọmọkùnrin le fún wákàtí púpọ̀ láìrọ̀, ewu èyí sì ti wà fún àwọn tí ó jẹ́ SS tẹ́lẹ̀. Wọn yóò ṣe PCV (àyẹ̀wò tí ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó), wọn yóò sì ṣe PSA (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún prostate) fún ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún, torí pé àwa aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tí jẹjẹrẹ prostate máa ń tètè mú. Ẹni tí kókó bá ti wà ní ọmú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kí wọ́n lè yẹ estradiol rẹ̀ wò ṣáájú ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ní agbègbè wa gbà pé abẹ́rẹ́ testosterone yóò jẹ́ kí aya wọn tètè lóyún. Òdìkejì rẹ̀ ni. Bí testosterone bá ti ń ti ìta wọlé, ọpọlọ á dẹ́kun fífi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí kóró ẹpọ̀n, irúgbìn inú àtọ̀ á sì lè dín kù títí tí kò fi ní sí rárá. Ẹni tí ó bá ṣì ń retí ọmọ kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ yìí láìjẹ́ pé ó ti bá dókítà jíròrò ọ̀nà mìíràn. Ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà náà ni hCG, abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù tí ń ta kóró ẹpọ̀n jí, ṣùgbọ́n òun náà ń mú kí kóró ẹpọ̀n fúnra rẹ̀ ṣe estradiol sí i, kí ẹni tí ó bá ń lò ó fi sọ́kàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ abẹ́rẹ́ yín àti bí ó ṣe ń lọ sókè sódò

Ibí ni ìṣòro estrogen ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe iye testosterone tí ó wọ ara ní oṣù kan nìkan ni ó ń pinnu estradiol. Bí ó ṣe ga tó lẹ́ẹ̀kan náà ń kópa ńlá. Odò Ọya kọ́ wa ní èyí ní Lọ́kọ́ja: omi kan náà tí ì bá rọra ṣàn kọjá láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, bí ó bá rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan, á wọ inú yàrá.

Sustanon 250 jẹ́ àpapọ̀ oríṣi testosterone mẹ́rin nínú òróró ẹ̀pà (kí ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu yára sọ fún nọ́ọ̀sì). Ìlò rẹ̀ tí wọ́n kọ sára páálí ni ìgò kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Testosterone á ga fíofío láàárín ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́, á sì ti wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ààlà nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta bá fi ń parí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọkùnrin kan náà fi lè sọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní pé orí ọmú ń ta òun, kí ó sì tún sọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta pé kò sí okun lára òun mọ́. Kì í ṣe àìsàn méjì. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni, tí wọ́n gún jìnnà síra.

Testosterone enanthate àti cypionate ni a máa ń fúnni ní 150 sí 200 mg ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tàbí 75 sí 100 mg lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àròpọ̀ oṣù kan náà ni, ṣùgbọ́n tọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í ga tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Testosterone undecanoate 1000 mg máa ń rọra jáde: lẹ́yìn àkọ́kọ́, wọ́n á gún èkejì ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, lẹ́yìn náà ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa ara lójoojúmọ́ náà kì í ga lódìlódì, àmọ́ ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ sì fi aṣọ bo ibẹ̀, nítorí pé ó lè ran ìyàwó àti ọmọdé tí ó bá fara kan yín.

Ẹ kọ orúkọ abẹ́rẹ́ yín, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ gbà á sínú ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan. Ẹ má ṣe fi sílẹ̀ fún káàdì ilé ìwòsàn nìkan. Ẹ tọ́jú ìgò rẹ̀ síbi tí ooru kò ní ju 30°C lọ, kì í ṣe inú fìríìjì, kì í sì í ṣe inú ọkọ̀ tí a páàkì sójú oòrùn ní oṣù kẹta ọdún.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yẹ ara yín wò

Ọmú ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ọ̀nà rẹ̀ sì nìyí. Ẹ dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, kí ẹ gbé ọwọ́ kan sábẹ́ orí. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ kejì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọmú náà, kí ẹ rọra máa mú wọn súnmọ́ ara wọn lọ sí orí ọmú. Bí ìka méjèèjì bá ń wọlé wọ́ọ́rọ́ títí tí wọ́n fi dé orí ọmú láìsí ohun tí ó dá wọn dúró, ọ̀rá lásán ni, sísanra ni ó fà á. Bí ẹ bá kan ohun kan tí ó rí pẹrẹsẹ, tí ó le díẹ̀ bí rọ́bà, tí ó wà lábẹ́ orí ọmú gan-an, tí ó sì ṣeé tì síbí sọ́hùn-ún, ẹran ọmú ni ó ti ń hù. Ó sábà máa ń dunni bí ẹ bá fọwọ́ kàn án ní oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀, àǹfààní sì wà nínú ìrora yẹn, torí pé ìgbà tí ó ṣì ń dunni ni ìtọ́jú máa ń tètè ràn án. Èyí tí ó bá le bí òkúta, tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan tí kì í ṣe abẹ́ orí ọmú, tí awọ orí rẹ̀ ń fà wọlé, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú àtúnṣe abẹ́rẹ́: dókítà ni kí ẹ lọ bá lọ́sẹ̀ náà, nítorí jẹjẹrẹ ọmú ń ṣe ọkùnrin náà.

Lẹ́yìn ọmú, ẹ wo ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ iwájú ojúgun yín fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí ojú ibẹ̀ bá jin kòtò tí kò sì tètè kún, omi ti ń dúró sí ara. Ẹ wọn ara yín lórí ìwọ̀n, ẹ sì yẹ ìfúnpá wò. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà. Ní tèmi, n kì í gbé ara lé ìbínú, ẹkún tàbí àìsùn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé estrogen ti pọ̀: ibà lè fa gbogbo rẹ̀, gbèsè lè fà á, testosterone tí ó pọ̀ jù fúnra rẹ̀ sì lè fà á.

Àmì pé estrogen ti kéré jù ni àwọn ènìyàn kì í dá mọ̀, wọn a sì máa pè é ní òdìkejì. Oríkèé á máa ro ènìyàn, pàápàá ọwọ́ àti orúnkún. Ooru á máa mú un lójijì. Ìfẹ́ ìbálòpọ̀ á rẹ̀yìn. Nǹkan ọmọkùnrin kò ní le dáadáa mọ́. Ara á máa rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá ti ń lo oògùn tí ń dín estrogen kù, tí ó wá rí àwọn nǹkan wọ̀nyí, tí ó sì tún lọ fi kún oògùn náà, ńṣe ni ó ń bu epo sí iná.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti bí a ṣe ń ka ìwé èsì rẹ̀

Endocrine Society kò ní kí gbogbo ẹni tí ó wà lórí testosterone máa ṣe àyẹ̀wò estradiol ní gbogbo ìgbà. Àmì ara ni ó ń jẹ́ kí a ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ testosterone àti estradiol nínú ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ kan náà, nítorí pé nọ́ńbà kan kò nítumọ̀ láìsí èkejì.

Ọjọ́ tí ẹ lọ ṣe pàtàkì. Fún enanthate tàbí cypionate, àárín abẹ́rẹ́ kan sí èkejì ni ìlànà sọ. Fún undecanoate, ó kù díẹ̀ kí ẹ gba òmíràn. Fún jẹ́ẹ̀lì, wákàtí méjì sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí ẹ pa á, tí ẹ sì ti ń pa á fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan. Bí Sustanon bá ni, ẹ mú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, kí ẹ sì dúró lórí ọjọ́ yẹn nígbà gbogbo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkè ni ẹ ó fi wé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ìwọ̀n padà, ẹ fún un ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹ tó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó ń lo biotin fún irun tàbí èékánná gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ilé àyẹ̀wò, kí ó sì dá a dúró fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, torí pé ó lè da àwọn ẹ̀rọ kan láàmú.

Fún ẹni tí ó wà ní Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú tàbí Mọ́pà, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ náà ní láti rin ìrìn àjò lọ sí Ìlọrin, Lọ́kọ́ja tàbí Àbújá kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ pe ilé àyẹ̀wò kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ọkọ̀ wọn ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń ya omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, tí wọ́n sì ń fi yìnyín gbé e, torí pé ẹ̀jẹ̀ tí ó sùn sórí tábìlì láìní iná mànàmáná kò ní sọ òótọ́. Ilé àyẹ̀wò kan náà ni kí ẹ máa lọ nígbà gbogbo bí ó bá ṣeé ṣe.

Ní báyìí, ìwé èsì fúnra rẹ̀. Ní ìlà estradiol, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí lọ́pọ̀ ìgbà ni ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún obìnrin, ní ìbámu pẹ̀lú ìgbà tí ó wà nínú nǹkan oṣù rẹ̀ àti bí ó bá ti dáwọ́ nǹkan oṣù dúró. Ìlà ọkùnrin máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ sí. Mo ti rí i tí ènìyàn fi ìlà obìnrin díwọ̀n ara rẹ̀, tí ó sì lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀ tí kò yẹ tàbí ẹ̀rù tí kò yẹ. Fún ọkùnrin àgbàlagbà, bí 10 sí 40 pg/mL ni ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ń lò, ṣùgbọ́n ààlà tí ilé àyẹ̀wò yín bá kọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n fi kọ nọ́ńbà náà. Bí ó bá jẹ́ pmol/L, ẹ fi 3.67 pín in kí ó tó di pg/mL: 110 pmol/L tí ó dà bí ohun ẹ̀rù kò ju 30 pg/mL lọ, kò sì sí ohun tí ó ṣe é. Testosterone náà ní irú rẹ̀: ẹ fi 28.8 sọ nmol/L di púpọ̀, ó di ng/dL, tí 15 nmol/L fi jẹ́ 432 ng/dL.

Ìbéèrè tó kù ni irú ẹ̀rọ tí wọ́n lò. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ ni immunoassay, tí wọ́n ṣe nítorí estradiol obìnrin tí ó pọ̀. Bí ó bá kan ìwọ̀n kékeré ti ọkùnrin, ó lè ṣìnà. Èyí tí ó péye jù ni LC-MS/MS, ó sì wọ́n owó ju èkejì lọ, kì í sì í ṣe ibi gbogbo ni ó wà. Ẹni tí kò bá lè rí i kò gbọdọ̀ rò pé kò sí ọ̀nà mọ́. Kí ó ṣáà mọ̀ pé ìyàtọ̀ láàárín 38 àti 46 lórí ẹ̀rọ lásán kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ gbé oògùn mì. Bí ọmú kò bá wú, tí ẹsẹ̀ kò wú, tí testosterone sì wà láàárín ààlà, mo gbà pé kí ẹ fi nọ́ńbà tí ó kọjá ààlà díẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe wà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ohun tí ẹ ó ṣe kí ọ̀rọ̀ tó kan oògùn

Bí àmì bá wà lóòótọ́, tí àyẹ̀wò sì gbè é lẹ́yìn, ìwọ̀n testosterone ni dókítà yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àárín ààlà ni a ń wá, kì í ṣe òkè rẹ̀. Bí àyẹ̀wò àárín ọ̀sẹ̀ bá fi hàn pé testosterone yín ti kọjá ààlà òkè, dídín abẹ́rẹ́ kù yóò mú estradiol wálẹ̀ láìsí oògùn kankan. Bí ó bá wà láàárín ààlà ṣùgbọ́n tí ọmú ń ta yín lẹ́yìn gbogbo abẹ́rẹ́, ẹ bi dókítà bóyá ó ṣeé pín sí méjì: ẹni tí ó ń gba enanthate 200 mg ní ọ̀sẹ̀ méjì lè bọ́ sí 100 mg lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí ó ń gba Sustanon sì lè bọ́ sí irú mìíràn tí kì í ga tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ìnáwó ọkọ̀ lọ síbi tí nọ́ọ̀sì wà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í ṣe kékeré fún ẹni tí ó ń gbé ní abúlé; ilé ìtọ́jú aláìsàn alábọ́dé tí ó wà nítòsí yín lè gún un bí dókítà bá kọ ìwé lé yín lọ́wọ́.

Ikùn ni èkejì. Inú ọ̀rá ni aromatase pọ̀ sí, nítorí náà bí ikùn bá ṣe tóbi tó ni iṣẹ́ rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ẹ fi téèpù wọn ìbàdí yín: 94 sẹ̀ǹtímítà ti tó kéde, 102 sì ti kọjá bẹ́ẹ̀. N kò ní sọ fún ọmọ Òkun pé kó má jẹ iyán mọ́, kò sí ẹni tí yóò gbọ́. Kí iyán kéré, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ sí i, kí a jẹ ẹ́ lọ́sàn-án dípò alẹ́, kí ẹsẹ̀ sì máa rìn lọ sóko dípò ọ̀kadà. Fún ọkùnrin tí ó sanra púpọ̀, dídín ìsanra kù nìkan lè mú testosterone tirẹ̀ gòkè díẹ̀.

Ọtí ni ẹ̀kẹta. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń palẹ̀ estrogen mọ́ kúrò lára. Ẹ̀dọ̀ tí ẹmu, ògógóró àti bíà ti bà jẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ náà tán. Pàrágà àti àgbo tí wọ́n ń tà fún agbára ọkùnrin kún un, torí pé kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú ọ̀rá kan lọ bá dókítà. Spironolactone tí wọ́n ń fúnni fún ọkàn tàbí ìfúnpá, cimetidine fún ọgbẹ́ inú, ketoconazole tí a ń gbé mì fún làpálàpá, digoxin, àti efavirenz tí àwọn kan ń lò fún kòkòrò HIV, gbogbo wọn lè mú ọmú ọkùnrin wú láìjẹ́ pé testosterone dá sí i. Ẹ má ṣe dá èyíkéyìí nínú wọn dúró fúnra yín, dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀. Wàrà sóyà tí àwọn ènìyàn ń fi dẹ́rù ba ọkùnrin kò sí lára wọn. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti kó jọ kò rí i pé sóyà tí ènìyàn ń jẹ bí oúnjẹ ń yí testosterone tàbí estrogen ọkùnrin padà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: oògùn

Oògùn méjì ni orúkọ wọn wọ́pọ̀ jù, iṣẹ́ wọn kò sì bára mu. Anastrozole ń dí aromatase lọ́wọ́, estrogen á sì lọ sílẹ̀ ní gbogbo ara. Nítorí obìnrin tí ó ti dáwọ́ nǹkan oṣù dúró, tí ó sì ní jẹjẹrẹ ọmú, ni wọ́n ṣe ṣe oníhóró 1 mg rẹ̀, ìwọ̀n yẹn sì lè ti pọ̀ jù fún ọkùnrin tí ó kan ní estradiol tí ó lé díẹ̀. Dókítà tí ó bá fún yín ń lò ó fún ohun tí ó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fọwọ́ sí i fún, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún yín. Ìwádìí lórí àwọn àgbàlagbà ọkùnrin ti fi hàn pé ó ń mú kí egungun fúyẹ́. Letrozole tún lágbára jù ú lọ. Bí ẹ bá máa lo irú oògùn yìí, kí ó jẹ́ ìwọ̀n tí ó kéré jù, fún ìgbà kúkúrú, kí a tún estradiol yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a sì dá a dúró bí oríkèé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro.

Tamoxifen kò dín estrogen kù. Ńṣe ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọmú, tí kò jẹ́ kí estrogen ríbi wọlé síbẹ̀, nígbà tí egungun ṣì ń rí tirẹ̀ gbà. Fún ọmú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú, tí ó ń dunni, òun ni ó dára jù lójú tèmi. Ewu rẹ̀ ni pé ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, nítorí náà kò yẹ ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Bí ọmú bá ti wú kọjá ọdún kan, ẹran inú rẹ̀ á ti le, oògùn kò sì ní ṣe nǹkan kan tí ó jọjú. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni ó lè yọ ọ́.

Èyíkéyìí tí ó bá jẹ́, ilé oògùn tí apòògùn wà ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ má sì ra èyí tí wọ́n ń rọ sínú ìgò kékeré fún àwọn tí ń gbé irin.

Ohun tí kò gbọdọ̀ dúró de àyẹ̀wò mìíràn

Bí PCV bá kọjá 54, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dúró títí yóò fi wálẹ̀. Ẹ ṣe àyẹ̀wò PCV láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Ìwádìí ńlá TRAVERSE tí ó jáde ní 2023, tí ó lé ní 5,000 ọkùnrin, kò rí i pé testosterone fi kún àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ lápapọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn tí ń lù ségesège pọ̀ díẹ̀ láàárín àwọn tí ó gbà á. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tí ó sì ń ro, bí àyà bá ń dunni, bí èémí kò bá délẹ̀, tàbí bí nǹkan ọmọkùnrin bá le ju wákàtí mẹ́rin lọ, ẹ wọ ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, kì báà jẹ́ òru, sí ilé ìwòsàn tí dókítà ń sùn sí, irú èyí tí ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ìtọ́jú dúró pátápátá nítorí ọmú tàbí nítorí owó kò gbọdọ̀ kàn pa abẹ́rẹ́ tì. Kóró ẹpọ̀n tí ó ti sinmi lè gba oṣù púpọ̀ kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́, àárẹ̀ àkókò náà sì máa ń le. Kí ó lọ bá dókítà ṣáájú ọjọ́ abẹ́rẹ́ tí ó kàn, kí ó mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dání, kí wọ́n jọ yan ọjọ́ tí wọn yóò yẹ LH àti FSH (àwọn họ́mọ̀nù tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí kóró ẹpọ̀n) àti testosterone rẹ̀ wò lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ìkẹyìn bá ti jáde lára.